Tanwíjí Inú Àgbá Ìkẹyìn

Ní àràárọ̀, kí Alágbàfọ̀ tó fọwọ́ kan ọṣẹ, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Àwọn àgbá omi rẹ̀ tò síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: ọ̀kan fún rírẹ aṣọ, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ṣíṣan àkọ́kọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn wọn, tí ìbòòji òrùlé máa ń bò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ni òun àti àbúrò rẹ̀ ń pè ní àgbá ìkẹyìn. Omi inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ kí wọ́n tó sá a sórí okùn. Omi náà sì ni wọ́n ń mu.

Yóò sún pákó orí àgbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò fi ìka kan gbá a lára, yóò wá dúró. Bí àwọn tanwíjí inú rẹ̀ bá ta gìrì, tí wọ́n ń jó bírí-bírí lọ sísàlẹ̀ omi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé," ni yóò wí fún wọn. "Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Bí Kékeré, àbúrò rẹ̀, bá gbọ́ ọ láti inú yàrá, á fún ohùn rẹ̀ pọ̀ bí ohùn kòkòrò, á sì dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, ìyá wa! Ebi ló kàn ń pa wá!"

Ìyá tó bí àwọn méjèèjì ló fi ọgbọ́n yìí lé Alágbàfọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń ba aṣọ oníbàárà jẹ́ lọ́wọ́ alágbàfọ̀ kì í sábà jẹ́ ìdọ̀tí. Oògùn tí a fi ń lé ìdọ̀tí ni, ìyẹn sódà àti bílíìṣì tó ń mú aṣọ funfun. Bí díẹ̀ bá ṣẹ́ kù nínú omi tí a fi ṣan aṣọ kẹ́yìn, aṣọ náà á gbẹ tán lójú, ṣùgbọ́n á máa jẹra díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi fà ya lọ́rùn oníbàárà. Ojú kò rí i. Imú alágbàfọ̀ ẹ̀wẹ̀ ti kú sí òórùn rẹ̀ tipẹ́. Tanwíjí nìkan ni kò ṣeé tàn. Bí bílíìṣì bá kán sínú omi rẹ̀, á kú, á sì léfòó. Ìdí nìyí tí ìyá wọn fi máa ń bù wọ́n láti inú àgbá kan sí òmíràn, kó lè mọ èyí tí omi rẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé, "Omi tí tanwíjí bá ń jó nínú rẹ̀ kò lè pa aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pa ènìyàn."

Ìyá náà kú nígbà tí Kékeré ṣì ń rákò. Alágbàfọ̀ gbé ọmọ náà pọ̀n, ó sì ń fọṣọ lọ. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà náà ní òun kò lè gbé ìyàwó kí òun tún gbé àbúrò ìyàwó mọ́ ọn. Ó ní kó máa lọ, ọ̀nà là gbòòrò. Kò sí ẹlòmíràn tó wá lẹ́yìn ìyẹn tó jẹ́ nǹkan gidi. Kékeré nìkan ló wá ní láyé. Òun ni àbúrò, òun ni ọmọ, òun náà ni ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà ti ga báyìí débi pé bó bá fẹ́ wọlé, àfi kó tẹrí ba lábẹ́ àtẹ́rígbà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é ju Kékeré lọ. Alágbàfọ̀ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, Kékeré ń lọ̀ ọ́ ní yàrá iwájú. Télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkóríta ti wá sọ pé òun yóò fẹ́ ẹ. Inú Alágbàfọ̀ dùn sí i. Ó kàn jẹ́ pé bó bá rántí pé yàrá náà yóò ṣófo lọ́jọ́ kan, á tún aṣọ tó ti fún tán fún lẹ́ẹ̀kejì.

Ọgbọ́n tanwíjí yìí kò mọ sọ́dọ̀ wọn. Ìyá Onílé tí wọ́n jọ ń gbé inú ọgbà, obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé òpópónà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, ti ra àgbá ọ̀dà kan rí lọ́wọ́ akunlé. Omi inú rẹ̀ dá inú rírun sí i lára. Ló bá gbé abọ́ wá sọ́dọ̀ Alágbàfọ̀.

"Alágbàfọ̀ mi, bù fún mi nínú àwọn ọmọ rẹ yẹn, kí n fi wọ́n ṣọ́ omi mi."

"Ẹ gbà, Màmá. Ẹ má fìyà jẹ wọ́n o."

Láti ọwọ́ Ìyá Onílé ni àwọn obìnrin yòókù ládùúgbò ti gbà á. Láìpẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé kan tí wọn kì í ti í gbá àgbá lára ní òwúrọ̀.

Ìgbà òjò ni ibà apọ́njú wọ ìlú. Wọ́n ní ó bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ibùdókọ̀. Ẹni tó bá mú, ara rẹ̀ á gbóná, ojú rẹ̀ á wá pupa rúsúrúsú, òmíràn á sì máa bì títí tí yóò fi lọ. Ni àwọn wolé-wolé bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ojúlé kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tó wọ ọgbà Ìyá Onílé jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀, àpò oògùn kọ́ ọ lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù, ẹ jẹ́ kí n yẹ inú àgbá yín wò."

"Inú àgbá kẹ̀? Ṣé ìyàwó yín ló sọnù ni?"

Wolé-wolé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilé tó ti wọ̀ láti àárọ̀. Ó tan iná sínú àgbá ìkẹyìn, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ṣé ẹ rí àwọn nǹkan tó wà nínú ibí yìí?"

"Mo rí wọn. Èmi ni mo kó wọn síbẹ̀."

Ọkùnrin náà pa tọ́ọ̀ṣì. Ó wo ojú Alágbàfọ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

"Màdáàmù, ẹ̀fọn ni wọ́n."

Kékeré tó ti gbé àyọ́nù dání yọ sí wọn bú sẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ náà rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, èyí ń wẹ̀ nínú omi, èyí ń fò lókè, kí ló pa wọ́n pọ̀? Tó bá yá, ẹ ó ní ẹja inú odò ló ń di ẹyẹ."

"Ẹ̀fọn ló ń yé ẹyin sí ara àgbá. Ẹyin yẹn ló ń di tanwíjí. Tanwíjí á dàgbà, á bọ́ awọ, á hu ìyẹ́. Àwọn tó ń gbé ibà yìí kiri, ilà funfun wà lẹ́sẹ̀ wọn. Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹni, wọn kì í sì í fò jìnnà. Ilé tí wọ́n bá bí wọn sí ni wọ́n ti ń jẹun. Ìyá ẹ̀fọn tó bá ti ní àrùn náà lára tilẹ̀ lè bí i mọ́ ọmọ rẹ̀ láti inú ẹyin. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà."

"Ìyá mi mu omi yìí dàgbà. Omi kọ́ ló pa á."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má mu omi, Màdáàmù. Ohun tó ń ti inú rẹ̀ fò jáde ni mò ń sọ."

"Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan wà tí èèyàn lè gbà kó tó dé," Kékeré wí.

"Ó wà. Ó ti tán ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní òmíràn ń bọ̀." Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni tó ti sọ ọ́ títí tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ mọ́. Ó bu oògùn kan tó dà bí iyanrìn sínú gbogbo àgbá, ó ní kí wọ́n máa fi aṣọ dí ẹnu wọn pinpin, ó sì jáde. Ilé pọ̀ níwájú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alágbàfọ̀ gbá àgbá ìkẹyìn lára títí, kò sí èyí tó jó. Gbogbo wọn ti na gbọọrọ lójú omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá òótọ́ lọkùnrin yẹn ń sọ," Kékeré wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Òótọ́ wo? Oògùn tó pa odindi agbo yìí kí ilẹ̀ tó mọ́, ikùn ta ló fẹ́ kó wọ̀? Ikùn rẹ? Mi ò pọ̀n ọ́ dàgbà kí n tún wá fi omi olóògùn sìn ọ́ lọ."

Ó yí gbogbo omi náà dànù sí ojú àgbàrá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ àwọn àgbá náà, ó sì dúró de ọjọ́ tí omi ẹ̀rọ yóò tún ṣàn. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Ìyá Onílé.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ bù díẹ̀ fún mi nínú èyí tí mo fún yín. Wolé-wolé ti pa tèmi."

"Kò rí tèmi pa." Ìyá Onílé ti ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀ tán. "Bí mo ṣe gbúròó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo da aṣọ bo àgbá mi, mo sì jókòó lé e. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ó ní kí n pẹ̀lẹ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, Alágbàfọ̀ kò kó gbogbo wọn sínú àgbá. Ó ronú pé bí ọkùnrin náà bá tún dé, yóò tún pa wọ́n run. Ó wá ìgò ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ó da àwọn tó yó jù sínú rẹ̀, ó sì gbé e sí abẹ́ tábìlì tí Kékeré fi ń lọ aṣọ, níbi tí aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì ti wọ́lẹ̀ dé. Inú àgbá ni àwọn wolé-wolé ń yọjú sí. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì? Yóò máa bu díẹ̀ nínú wọn lọ dán omi wò nígbàkígbà tó bá fẹ́. Ó ń fún wọn ní ẹ̀kán omi sítáàṣì kí ebi má baà pa wọ́n. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó kán sítáàṣì sínú ìgò, ó gbá a lára, wọ́n jó.

Yàrá náà móoru, ó sì ṣókùnkùn díẹ̀, nítorí aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ máa ń rọ̀ dí ojú fèrèsé. Láti àárọ̀ ni Kékeré ti ń dúró nídìí tábìlì yẹn, ìró rẹ̀ ká dé orúnkún nítorí ooru. Télọ̀ máa ń yà síbẹ̀ lọ́sàn-án bí iṣẹ́ bá dẹ̀.

"Kékeré, ijó wo lò ń jó yẹn?" ó bi í lọ́jọ́ kan tó rí i tó ń gbé ẹsẹ̀ kan, tó ń fi ìkejì họ ọ́.

"Ijó ẹ̀fọn ni. Wọ́n kàn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀ bíi pé èmi nìkan ló ní ẹ̀jẹ̀ ládùúgbò."

"Ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹsẹ̀ tó gùn tó báyìí, wọ́n á jẹ ẹ́ títí ọdún á fi yí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ ohun tí Télọ̀ ń sọ?"

Alágbàfọ̀ yọ orí wọlé, ọwọ́ rẹ̀ kún fún fọ́ọ̀mù ọṣẹ. "Télọ̀, bó o bá ti wọn ẹsẹ̀ àbúrò mi tán, máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ."

"Àǹtí, mi ò tíì wọ̀n ọ́n o. Téèpù mi ni kò gùn tó."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alágbàfọ̀ kò ka ẹ̀fọn náà sí. Lóru, abẹ́ àwọ̀n ni òun àti Kékeré ń sùn. Òun ló rà á, òun náà ló sì ń ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ìbùsùn yí ká kí wọ́n tó fojú lé oorun. Ẹni tó ti dáàbò bo àbúrò rẹ̀ lóru, kí ló tún kù tó fẹ́ bá a jà lọ́sàn-án gangan?

Ọjọ́ tí wọ́n kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura dé ni Kékeré gbé àyọ́nù kalẹ̀ láìparí iṣẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ń dùn mí."

"Ìdúró ni. Jókòó díẹ̀."

"Orí náà ń fọ́ mi."

Alágbàfọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbé e lé e lọ́rùn. Ọrùn náà gbóná ju àyọ́nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ lọ. Ó tẹ́ ẹ sórí ìbùsùn, ó sáré lọ ra oògùn ibà ní ìsọ̀ olóògùn, ó fi aṣọ tútù nù ún lára, ó ń bù ú lómi mu. Omi àgbá ìkẹyìn ni, ó sẹ́ ẹ dáadáa. Ara Kékeré ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Télọ̀ ń wá láàárọ̀, ó ń wá ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àpótí tó wà nítòsí tábìlì àyọ́nù, ó ń fi ọwọ́ lé ẹ̀fọn.

Nígbà tó ṣe, ibà náà lọ. Ó lọ lójijì bó ṣe dé. Alágbàfọ̀ jí, ó fọwọ́ kan ọrùn àbúrò rẹ̀, ọrùn náà tutù. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kékeré bèèrè oúnjẹ, ó jẹ ẹ́, ó sì bèèrè pé ta ni yóò lọ aṣọ ilé ìtura.

"Ilé ìtura náà á sinmi," Alágbàfọ̀ wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n kúkú ń pe ara wọn ní ilé ìtura."

Ìyá Onílé wá jó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti sọ pé ibà lásán ni. Télọ̀ fa téèpù yọ, ó ní òun fẹ́ wọn aṣọ ìyàwó kó tó di pé ẹnìkan tún ṣàìsàn. Kékeré dìde dúró fún un, ó di ara mú mọ́ etí tábìlì, ó ní, "Wọ̀n ọ́n kó gba èèyàn méjì o, nítorí mo máa jẹun láti òní lọ." Alágbàfọ̀ ń wò wọ́n. Gbogbo ohun tó ti ń tọrọ láti ọjọ́ tí ìyá wọn ti kú, ó dà bíi pé ó péjọ sínú yàrá yẹn.

Ìdùnnú náà kò ju ọjọ́ kan lọ. Ní ìdájí, Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Nígbà tí ojúmọ́ wá mọ́ tí Alágbàfọ̀ ká aṣọ ojú fèrèsé, ó rí ojú rẹ̀. Ibi tó yẹ kó funfun nínú ẹyinjú ti pupa rúsúrúsú. Àtẹ́lẹwọ́ náà rí bẹ́ẹ̀. Télọ̀ gbé e sẹ́yìn jáde, ẹsẹ̀ gígùn náà ń wọ́lẹ̀.

Ilé ìwòsàn kún. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìbùsùn kan nítòsí ògiri, wọ́n fi omi sí i lára. Nọ́ọ̀sì náà ti dàgbà díẹ̀, kì í sì í purọ́.

"Ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Èmi náà ni ìyá."

"Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bá jà. Àrùn yìí kò ní oògùn tó ń pa á. Omi la ó máa fún un, a ó sì máa wò ó. Àwọn kan ń dìde. Àwọn tí ibà náà bá lọ tó tún padà wá..." Ó tún aṣọ ìbùsùn náà ṣe. "Ẹ lọ mú aṣọ mìíràn wá fún un. Èyí ti bàjẹ́."

Ìgbà tó délé láti kó aṣọ náà ló bá Wolé-wolé nínú ọgbà. Ilé ìwòsàn ló rán an wá sí ilé tí aláìsàn ti wá, kó wá ibi tí ẹ̀fọn ti ń jáde. Ó ti yẹ gbogbo àgbá ẹ̀yìnkùlé wò.

"Níbo ló máa ń wà lọ́sàn-án, Màdáàmù?"

Alágbàfọ̀ ṣí yàrá iwájú fún un. Ọkùnrin náà wò yí ká, kò rí àgbá, kò rí korobá. Ẹ̀fọn kan bà lé e ní ọwọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ara tábìlì sókè.

Ìgò náà wà níbẹ̀. Awọ fífúyẹ́ kún ojú omi rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà wẹ́wẹ́. Wolé-wolé gbé e yọ sínú ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tanwíjí náà ti ká ara jọ, ó léfòó, kò jó mọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ là. Ohun kan ń fa ara rẹ̀ jáde láti inú ibi tó là náà, orí kọ́kọ́ jáde, ìyẹ́ tẹ̀ lé e, ó rọ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lẹ́yìn náà ló yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń yọ ìbọ̀sẹ̀. Ó dúró lórí awọ ara rẹ̀, ó ń sinmi. Ilà funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Alágbàfọ̀ wò ó títí tó fi fò.

"Abẹ́ tábìlì," Wolé-wolé wí. Ohùn rẹ̀ kò le. "Níbi tó ń dúró sí gan-an."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló gbé e síbẹ̀?"

"Èmi ni. Nítorí tiyín ni. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ pa wọ́n."

Ọkùnrin náà gbé ìgò náà jáde, ó yí i dànù sórí iyanrìn gbígbẹ, ó sì fi bàtà rẹ̀ tó ti jẹ tẹ̀ ẹ́. Alágbàfọ̀ ní kó lọ wo inú àgbá Ìyá Onílé, kó wo ti ilé kejì, kó wo gbogbo wọn, òun ló fún wọn. Wolé-wolé ṣí ẹnu àpò ọrùn rẹ̀ fún un kó rí i. Eruku ló kù nínú rẹ̀.

"Wọn ò tíì fún wa ní òmíràn. Bí wọ́n bá fún wa, màá padà wá." Ó pa ẹnu àpò náà dé. Ó lọ.

Alágbàfọ̀ kó aṣọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Télọ̀ dìde fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbùsùn. Ohun tí Kékeré ń bì ti dúdú, ẹ̀jẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní ìdí eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ènìyàn. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fún mi lómi."

Alágbàfọ̀ gbé ife omi tí nọ́ọ̀sì gbé síbẹ̀.

"Èyí kọ́. Èyí ń rùn oògùn. Omi ilé wa."

Alágbàfọ̀ di ife náà mú. Ó fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀, gbogbo rẹ̀, láti orí ìgò títí dé orí ohun tó rí tó fò. Ó wo ojú pupa rúsúrúsú náà, ó sì rí i pé bí òun bá sọ ọ́, ara òun ni yóò fúyẹ́, kì í ṣe ti Kékeré. Ó gbé ife náà jáde sí ọ̀nà àbákọjá, ó dúró díẹ̀, ó sì gbé e padà wọlé.

"Omi ilé wa rèé. Mo bù ú wá nígbà tí mo lọ kó aṣọ."

Kékeré mu díẹ̀. "Ó ti dára jù," ó wí. "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kì í jẹ́ kí nǹkan kan ṣe mí."

Ọ̀rọ̀ gbòógì tó sọ kẹ́yìn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló ń ṣèránrán nípa aṣọ tí kò tíì lọ̀. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ kàn án lọ́rùn, ó fa aṣọ bò ó lójú. Télọ̀ lọ dojú kọ ògiri. Bí ó bá jẹ́ ìkókó ló lọ, àwọn èèyàn ìbá ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n agbè gan-an ló fọ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń wí fún ẹni tí agbè rẹ̀ fọ́.

Wọ́n ṣá ń wí. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, ọgbà náà kún fún àwọn obìnrin àdúgbò tí wọ́n wá kí i. Ọlọ́run ló fún un, Ọlọ́run ló gbà á. Àkókò ló tó. Ikú kò gbowó, kò gbẹ̀bẹ̀. Alágbàfọ̀ jókòó láàárín wọn lórí ẹní, ó jẹ́ kí wọ́n wí tán.

"Èmi ni mo pa á," ó wá wí.

"Háà! Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́!" Ìyá Onílé di ẹnu rẹ̀ mú. "Gbogbo ẹni tó bá sin ọmọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"Màmá, ẹ gbọ́ mi. Tanwíjí yẹn, ẹ̀fọn ni. Mo fi ojú mi rí i, ó bọ́ awọ, ó fò. Mo gbé wọn sí abẹ́ tábìlì, ibẹ̀ ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Ẹ̀yin náà, ẹ yí omi àgbá yín dànù. Gbogbo yín, ẹ lọ yí i dànù lónìí."

Wọ́n wo ara wọn. Obìnrin kan mi orí, ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀."

"Àǹtí," Télọ̀ wí láti ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ ti wọnú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀bi yìí ṣe ara yín. Ta ló tọ́jú rẹ̀ tó yín? Kòkòrò inú omi lẹ wá ń dá lẹ́bi yìí. Kékeré kò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Alágbàfọ̀ dìde lórí ẹní. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gba àárín wọn kọjá, ó lọ sí ẹ̀yìn ilé Ìyá Onílé, ó gbá àgbá tó wà níbẹ̀ mú ní ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Àgbá náà kún, ó wúwo. Ó fi èjìká tì í. Omi ta sílẹ̀ díẹ̀, ó ta sí i láṣọ, àwọn tanwíjí kéékèèké ń ta pọ́ún pọ́ún lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ wọ́n.

"Ẹ bá mi dì í mú! Ẹ dì í mú o, á ṣe ara rẹ̀ léṣe!"

Apá obìnrin pọ̀ ju apá ẹnìkan lọ. Wọ́n dì í mú lọ́wọ́, wọ́n dì í mú níbàdí. Wọn kò na án, wọn kò bú u. Wọ́n ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀ ni. Wọ́n mú un padà sínú ilé, wọ́n pààrọ̀ aṣọ tútù tó wà lára rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìbùsùn, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kó lè sùn. Ìyá Onílé jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Ó ń sọ fún àwọn yòókù bí Alágbàfọ̀ ṣe jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó, bó ṣe jẹ́ pé ìbànújẹ́ lè yí orí ẹni tó gbọ́n jù lọ. Láàárín ọ̀rọ̀ náà, ó gbá ara rẹ̀ ní ẹsẹ̀ pàá, ó họ ọ́, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán yẹn, ẹnìkan pariwo láti òpópónà pé omi ẹ̀rọ ti dé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti ṣàn gbẹ̀yìn. Àwọn obìnrin náà dìde lẹ́sẹ̀ kan náà, onítibí gbé korobá, onítọ̀hún gbé abọ́. Ọ̀kan ní kí wọ́n rọra, ilé ọ̀fọ̀ ni. Ìyá Onílé ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun pọn omi dípò èyí tó dànù nínú àgbá òun.

Alágbàfọ̀ pè wọ́n láti inú yàrá. Ó pè wọ́n títí. Bóyá wọ́n gbọ́, bóyá wọn kò gbọ́, ariwo omi ti pọ̀. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dà á sínú àgbá, korobá kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ìró rẹ̀ fi yí padà, tó sì mọ̀ pé àgbá ti kún.